Mọ́tò tí kì í jáde, epo wo ló ń bá mi ṣọ́?

Mo tẹ kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kan, mọ́tò ò dáhùn. Mo sún mọ́ ọn, mo tún tẹ̀ ẹ́, mo nawọ́ sí i bí ẹni ń fi rìmóòtù bẹ tẹlifíṣọ̀n, kò sí nǹkan kan. Iná ò ṣẹ́jú, ilẹ̀kùn tì gbọin. Ọjọ́ 26 péré ni mi ò fi gùn ún o. Ohun tó wá ń bí mi nínú jù ni pé hybrid ni, mọ́tò tó ń lo epo àti iná pọ̀, bátìrì méjì ló wà nínú ẹ̀, ńlá kan, kékeré kan, mo wá dúró síbẹ̀ mò ń bi ara mi pé ẹni tó ní bátìrì méjì, báwo ló ṣe máa wá kú síwájú ilé bí ẹni tí ò ní ẹyọ kan.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ bí mo ṣe débẹ̀, torí orí mi pé nígbà tí mo ra mọ́tò yìí. Ibi iṣẹ́ jìn nígbà yẹn, nǹkan bíi 80 kílómítà ni mò ń wà lójúmọ́, lọ àti bọ̀, ìdajì ẹ̀ sì jẹ́ sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ, irú èyí téèyàn á fi ka gbogbo àkọlé tó wà lẹ́yìn mọ́tò iwájú tán tí ò tíì kúrò lójú kan. Tí mo bá fi ti òpin ọ̀sẹ̀ kún un, ó ń lọ sí 21,000 kílómítà lọ́dún. Ẹni tó ń wa mọ́tò tó báyẹn tó bá ra hybrid, ó mọ ohun tó ń ṣe. Àfi bí iṣẹ́ ṣe di ti inú ilé. Mo kàn rí i pé mò ń jí, mò ń wẹ̀, mò ń jókòó ti kọ̀ǹpútà, ilẹ̀ á ṣú, mọ́tò ò sì mọ̀ pé ilẹ̀ tiẹ̀ mọ́ rárá. Lọ́jọ́ tí mo lọ wo mítà ẹ̀ dáadáa, gbogbo ohun tí mo wà láàárín oṣù 12 ò ju 3,900 kílómítà lọ.

Ibi tí mo ti ń ro ìyẹn lọ́wọ́ ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti pè mí. Ẹ̀gbọ́n mi yìí, kó wa mọ́tò lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ó ti pọ̀ jù fún un. Ó ní òun fẹ́ ra hybrid. Mo ní kí ló dé, ó ní wọ́n ní kì í mu epo. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dákun, mọ́tò tí ẹ kì í gbé jáde, èwo nínú wọn ló ń mu epo?" Ó rẹ́rìn-ín, ó wá ní ẹnu ń dùn mí, mi ò sì tíì dáhùn ohun tí òun béèrè. Òótọ́ ni, mi ò dáhùn, torí ìdáhùn ẹ̀ gùn ju orí fóònù lọ.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ nípa hybrid lásán, ìyẹn èyí tí a kì í so mọ́ iná ilé, ni pé gbogbo agbára tó ń lò, látinú epo náà ló ti wá. Kò sí iná ọ̀fẹ́ kankan níbẹ̀. Látìgbà tí Toyota ti gbé Prius, hybrid tiẹ̀, jáde ní Japan ní December 1997 títí di ìsinsìnyí, ọgbọ́n ìdí ẹ̀ ò yàtọ̀ púpọ̀. Nínú mọ́tò tí gbogbo wa mọ̀, téèyàn bá ti tẹ bíréèkì, eré tí mọ́tò ń sá bọ̀ á di ooru lára bíréèkì, á bá atẹ́gùn lọ, epo tí a ti jó láti fi sá eré yẹn ti ṣòfò nìyẹn. Ti hybrid, ẹ̀rọ oníná tó wà nínú ẹ̀ á yíra padà di jẹnẹrétọ̀, á gba díẹ̀ nínú eré yẹn, á kó o sínú bátìrì ńlá, tí ẹ bá tún fẹ́ gbéra, á yọ ọ́ fún yín padà. Tí ẹ bá dúró lójú gó-sílò, ẹ́ńjìnnì á kú fúnra ẹ̀, á sì tún jí fúnra ẹ̀ nígbà tó bá nílò. Bátìrì yẹn gan-an ò sì tóbi tó bí orúkọ ẹ̀ ṣe ń dún. Ti Prius tó jáde ní 2003, nǹkan bíi 1.3 kilowatt-hour ni, kò lè dá mọ́tò gbé ju kílómítà bíi méjì lọ kí ẹ́ńjìnnì tó gbà á. Àpò ṣòkòtò tí owó ń gbà kọjá ni, kì í ṣe báǹkì.

Ẹ wo ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Èrè hybrid, ojú títì ló wà, nínú ká tẹ̀ ẹ́ ká dúró, ká tún gbéra, ká tún dúró. Tí kò bá ti sí ìrìn, kò sí èrè. Mo mọ̀ pé ó dún bí ohun tí ọmọdé mọ̀, ṣùgbọ́n ẹ máa rí àgbàlagbà tó gbọ́n dáadáa tó ń gbàgbé ẹ̀ tó bá ti débi ríra mọ́tò, torí wọ́n ti sọ fún un pé mọ́tò náà ń dín epo kù ní ìdámẹ́ta, kò wá bi ara ẹ̀ pé ìdámẹ́ta kí ni.

Èmi wá jókòó, mo ṣe ìṣirò. Mo ṣe é ní lítà, mi ò ṣe é ní owó, torí owó epo ń lọ sókè sódò, ibi kan sì yàtọ̀ síbì kan. Ẹ jẹ́ ká ní mọ́tò epo lásán ń mu lítà 7 lórí 100 kílómítà, kí hybrid tó bá a dọ́gba máa mu 4.5. Ìyàtọ̀ jẹ́ lítà 2.5. Nígbà tí mò ń wa 21,000 kílómítà, lítà 525 ni hybrid ń bá mi dá padà lọ́dún, kì í ṣe kékeré. Nísinsìnyí tí mò ń wa 3,900, lítà 97 àbọ̀ ni. Ìyẹn ò ju kéèyàn rọ epo kún táǹkì bíi ẹ̀ẹ̀mejì lọ. Ọdún kan gbáko o!

Hybrid máa ń wọ́n ju ẹgbẹ́ ẹ̀ lọ, ẹ wá gbé owó tí wọ́n fi lé e, ẹ pín in sí iye tí wọ́n ń ta lítà epo kan níbi tí ẹ wà, ẹ máa mọ iye lítà tí ẹ ti san sílẹ̀ kí ẹ tó tẹ kọ́kọ́rọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ká ní ó jẹ́ 2,000 lítà. Èmi àtijọ́, kò ní tó ọdún mẹ́rin tí máa fi gbà á padà. Èmi ìsinsìnyí, ogún ọdún ó lé díẹ̀. Mi ò mọ ẹni tó ń gun mọ́tò kan fún ogún ọdún láti gba gbèsè epo.

Lítà 97 yẹn gan-an, mo ti ṣe ojú àánú sí i. Ẹni tí kì í wa mọ́tò púpọ̀, ìrìn kúkúrú ló sábà máa ń rìn, kílómítà méjì lọ síbí, mẹ́ta lọ sọ́hùn-ún. Tí ẹ́ńjìnnì hybrid bá tutù, ó máa jí, ẹ fẹ́ o, ẹ kọ̀ o, torí ó gbọ́dọ̀ mú catalytic converter gbóná kó tó lè sẹ́ èéfín, tí òtútù bá sì mú tí ẹ tan ooru inú mọ́tò, ibẹ̀ náà ló ti ń mú un. Nígbà tó bá fi máa gbóná tán tí ẹ̀rọ oníná fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ọgbọ́n ẹ̀, ẹ ti débi tí ẹ ń lọ. Ẹ páàkì, ẹ wọlé, ó tutù padà. Tí ẹ bá ń jáde, ẹ tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Omi tó ń kóra jọ sínú ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì látinú irú ìrìn bẹ́ẹ̀ tún wà ńbẹ̀, àfi tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná dáadáa ló fi máa gbẹ, ìyẹn ò sì yọ mọ́tò epo lásán náà sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ òkú iwájú ilé. Mo pe bàbá ríwáyà kan. Bàbá dé, wọ́n rìn yí mọ́tò po, wọ́n ní, "Ọmọ mi, níbo ni bátìrì kékeré ẹ̀ wà?" Mo ní inú búùtù ni sà. Wọ́n ní kí n ṣí búùtù. Mo tẹ̀ ẹ́, kò ṣí, torí iná ló ń ṣí búùtù, iná wà nínú bátìrì, bátìrì sì wà nínú búùtù. Àwa méjèèjì wo ara wa. Bàbá ò tiẹ̀ rẹ́rìn-ín, wọ́n kàn mí kanlẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti wá mọ̀ pé kọ́kọ́rọ́ irin kékeré kan fara pamọ́ sínú kọ́kọ́rọ́ tí mo ń tẹ̀ yẹn láti ọjọ́ tí mo ti rà á, òun la fi ṣí ilẹ̀kùn, a fà bọ́nẹ́ẹ̀tì sókè, bàbá sì rí ojú irin kan nínú àpótí fíúsì níwájú níbẹ̀ tí wọ́n dìídì ṣe síbẹ̀ fún irú ọjọ́ báyìí. Wọ́n gbé wáyà lé e láti ara mọ́tò tiwọn, mo tẹ bọ́tìnì, ó jí. Kò tó ìṣẹ́jú kan. Ọdún mélòó ni mo ti ń gun mọ́tò yìí, mi ò ka ìwé ẹ̀ rí.

Àlàyé tí bàbá ṣe nìyí, mo sì ti lọ ka ìwé náà báyìí, ó bá ọ̀rọ̀ wọn mu. Bátìrì ńlá, ti Prius àtijọ́ lé ní 200 volt, wọ́n gé e sọ́tọ̀ pátápátá tí mọ́tò bá ti kú, kó má baà gbá èèyàn. Ẹni tó máa so ó padà ni bátìrì kékeré, 12 volt, òun ló ń jí àwọn kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà ló wá ń ní kí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún ti ńlá. Ó dà bí olówó tí wọ́n tì mọ́ yàrá, tí kọ́kọ́rọ́ wà lápò ọmọ ọ̀dọ̀ tó ti sùn lọ. Owó ń bẹ o, kò ṣeé ná ni. Bátìrì kékeré yìí kì í sì í sinmi, òun ló ń ṣọ́ aláàmù, òun ló ń tẹ́tí bóyá kọ́kọ́rọ́ ń bọ̀, tọ̀sán tòru, nínú ọ̀pọ̀ hybrid ó tún kéré ju ti mọ́tò lásán lọ torí pé kì í ṣe òun ló ń yí ẹ́ńjìnnì. Mọ́tò tó ń jáde lójoojúmọ́, ó ń rí oúnjẹ jẹ lójoojúmọ́. Tèmi gbààwẹ̀ ọjọ́ 26.

Èyí tó dùn mí jù ni pé mo rò pé mò ń tọ́jú ẹ̀. Láàárín ọjọ́ yẹn, mo jókòó sínú ẹ̀ bíi ẹ̀ẹ̀mejì, mo tẹ bọ́tìnì láì tẹ bíréèkì, rédíò ń kọrin, iná dáṣíbọ́ọ̀dù tàn rẹ́rẹ́, mo ní bátìrì ń gba agbára. Irọ́ pátápátá. Tí kò bá kọ Ready sójú dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹ kàn ń mu ẹ̀jẹ̀ bátìrì kékeré ni. Ẹ tẹ bíréèkì, ẹ tẹ bọ́tìnì, kó kọ Ready, kí gíà wà lórí P, kì í ṣe N, torí lórí N, ti Toyota kì í gba agbára. Nígbà tí kòrónà ti gbogbo ayé mọ́lé ní 2020, ìmọ̀ràn tí Toyota fún àwọn tó ní hybrid ní Britain ni pé kí wọ́n fi sórí Ready fún bíi wákàtí kan, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ó kéré tán. Ìta gbangba ni kẹ́ ẹ ti ṣe é o, ẹ má ṣe é nínú gáréèjì tí a tì, torí ẹ́ńjìnnì máa ń jí fúnra ẹ̀ láàárín wákàtí yẹn, èéfín ẹ̀ sì lè pa èèyàn láì pariwo.

Bátìrì ńlá náà ń jò díẹ̀díẹ̀ tí mọ́tò bá dúró pẹ́. Ìwé Toyota ní kéèyàn gbé e jáde lẹ́ẹ̀kan láàárín oṣù méjì sí mẹ́ta, ó kéré tán fún ìṣẹ́jú 30 tàbí 16 kílómítà. Tí ẹ bá jẹ́ kó ṣófo tán, ti òun kọjá wáyà bàbá ríwáyà, torí hybrid irú Prius ò ní starter lásán, bátìrì ńlá yẹn náà ló ń yí ẹ́ńjìnnì. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Wáráńtì ńkọ́? Èyí pa mí lẹ́rìn-ín. Ní Amẹ́ríkà, láti orí mọ́tò ọdún 2020, Toyota fún bátìrì hybrid ẹ̀ ní ọdún 10 tàbí 150,000 máìlì, èyí tó bá kọ́kọ́ pé. 150,000 máìlì lé ní 240,000 kílómítà. Ní eré tí mò ń sá yìí, tọ́dún 10 bá fi máa pé, 39,000 ni mo máa wà. Ó ku 200,000 kílómítà tí mi ò lò, kò sí ẹni tó máa dá a padà fún mi, bátìrì náà ò sì ní sọ pé torí mi ò wà á òun ò darúgbó. Ọjọ́ orí ń ba bátìrì jẹ́, ooru ń bà á jẹ́, tó wà lójú títì o, tó wà lábẹ́ igi o.

Ìdí nìyẹn tí ẹnu fi máa ń yà mí táwọn èèyàn bá ń dunnú pé àwọn rí hybrid àlòkù tí wọ́n ò fi bẹ́ẹ̀ gùn, ọdún 12, 40,000 kílómítà, "bíi tuntun ni". Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́, mọ́tò tí ò rìn jìnnà náà ní ohun tó ń fi pamọ́. Èmi á kọ́kọ́ béèrè pé níbo ló ti dúró láti ọdún yìí wá, ṣé oòrùn ń pa á, ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n ti pààrọ̀ bátìrì kékeré. Máa wo ibi tí fáànù bátìrì ńlá ti ń mí, lábẹ́ tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn ló sábà máa ń wà, bóyá irun ajá àti eruku ò ti dí i pa.

Àwọn nǹkan kéékèèké wà tí mi ò ní pẹ́ lórí ẹ̀. Bíréèkì hybrid kì í ṣiṣẹ́ púpọ̀, oore ni lójú títì, páàdì ẹ̀ máa ń pẹ́, àmọ́ tí mọ́tò bá dúró sójú òjò, ìpẹtà á gorí irin ẹ̀, kò sì ní tètè nù kúrò, tèmi máa ń han bí ilẹ̀kùn ilé àtijọ́ láàárọ̀ Sátidé. Epo tó pẹ́ nínú táǹkì máa ń ṣá. Eku fẹ́ràn wáyà. Táyà tó dúró lójú kan máa ń di pẹlẹbẹ níbi tó fi tẹlẹ̀. Àwọn olè náà sì fẹ́ràn catalytic converter hybrid, torí ẹ́ńjìnnì ẹ̀ kì í ṣiṣẹ́ gbogbo ìgbà, àwọn irin olówó iyebíye inú ẹ̀ kì í tètè jẹ tán, mọ́tò tó ń sùn síta lójoojúmọ́ lójú kan náà ni wọ́n sì ń wá.

Tí ẹ bá fẹ́ bi mí nípa hybrid tí a ń so mọ́ iná ilé, ìyẹn tún yàtọ̀. Ẹni tí ìrìn ẹ̀ kúrú tó sì ní ibi tó lè so ó mọ́ láàárọ̀ lálẹ́ lè lo oṣù púpọ̀ láìfọwọ́ kan epo. Ó dáa bẹ́ẹ̀, àfi pé epo náà á wá dàgbà sínú táǹkì. Chevrolet Volt tó jáde ní 2010, wọ́n mọ̀ pé ó máa ṣẹlẹ̀, ni wọ́n fi ṣe é kí ẹ́ńjìnnì máa fúnra ẹ̀ jí láti jó epo tó bá ti ń pé ọdún kan. Ẹ rò ó wò, ẹ ra mọ́tò kẹ́ ẹ má baà jó epo, mọ́tò wá ní ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ kí òun jó o kó má baà bà jẹ́.

Ká má parọ́ mọ́ ọn ṣá. Mọ́tò mi ò tíì fún mi ní wàhálà kankan yàtọ̀ sí bátìrì kékeré yẹn. Irú ẹ̀ ò ní alternator, kò ní starter tó máa bàjẹ́, gíà ẹ̀ ò ní kílọ́ọ̀ṣì tó ń jẹ, ó sì dákẹ́ débi pé tí mo bá padà dé lóru, ajá àdúgbò kì í gbó. Tó bá jẹ́ pé díẹ̀ tí ẹ ń wà yẹn, inú gó-sílò ni gbogbo ẹ̀, ìṣirò mi á yí díẹ̀ sí ojú rere yín. Tó bá jẹ́ pé lówó pọ́ọ́kú ni ẹ ti rí i, tí kò fi nǹkan kan ju mọ́tò lásán lọ, kí ló dé tí ẹ ò ní rà á? Tẹ́ ẹ bá sì ti ní in nílẹ̀ bíi tèmi, mi ò rí ìdí tẹ́ ẹ fi máa sáré tà á, owó yẹn ti jáde, a ò lè pè é padà, ẹ kàn máa bá a jáde ni.

Ohun tí mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi náà nìyẹn, mo pè é padà lálẹ́ ọjọ́ kejì, mo ka gbogbo lítà yẹn sí i létí. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mọ́tò tí ẹ ní yẹn ṣì ń rìn, ẹ jẹ́ kó máa rìn, ẹ fi owó tó lé yẹn ra epo, ẹ ò ní lò ó tán láàárín ọdún 15." Ó gbọ́ mi jálẹ̀. Ó wá ní, "O ti sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n kì í pariwo, mo fẹ́ràn bí kì í ṣe é pariwo." Mo ní há, ẹ ò bá ti sọ bẹ́ẹ̀ látàárọ̀, torí ìyẹn gan-an ni ìdí, ohun téèyàn fẹ́ràn kò nílò ìṣirò, epo tí ẹ fi bojú ló ń da èmi láàmú.

Láti ọjọ́ òkú iwájú ilé yẹn, gbogbo àárọ̀ Sátidé ni mò ń gbé e jáde. Mi ò lọ síbì kankan. Mo máa gba ọ̀nà tó jìn jù lọ, 20 kílómítà ó lé, mo máa tẹ bíréèkì dáadáa kí ìpẹtà nù, máa fi pe màámi lórí sípíkà, máa yí padà. Aládùúgbò mi kan bi mí lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn pé níbo ni mò ń lọ ní gbogbo Sátidé bí aago. Mo ní mọ́tò ni mò ń mú rìn kiri. Ó wo ajá tó wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó wò mí, ó ní ó dáa.

Ẹ̀gbọ́n mi ti sanwó tiẹ̀. Funfun ni, ó fi fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, ó mọ́ tónítóní. Mo kí i kú oríire, mo wá bi í pé níbo ni bátìrì kékeré wà. Ó ní òun ò tíì béèrè.